Èrè Ńlá Lórí Ilẹ̀ Tàbí Ṣíà: Bí Ẹ Ṣe Máa Ṣírò Owó Orí Rẹ̀, Tí Ẹ Ó sì San Án

Láti ìgbà tí ọdún 2026 ti wọlé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ní Ìkòròdú níbí. Ẹni tó ra ilẹ̀ sí Ìmọ̀ta nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó, tó ti wá rí oníbàárà báyìí, ó béèrè. Ìyá tó fi owó àjọ ra ṣíà báǹkì lọ́jọ́ tó ti pẹ́, òun náà béèrè. "Wọ́n ní téèyàn bá ti mú nǹkan dání ju ọdún kan lọ, owó orí rẹ̀ máa ń wálẹ̀. Èló wá ni tèmi?"

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn kí a tó rìn jìnnà. Ní Nàìjíríà, kò sí ẹ̀dínwó fún ẹni tó mú dúkìá dání pẹ́. Ì báà jẹ́ oṣù mẹ́jọ, ì báà jẹ́ ogún ọdún, bákan náà ni òfin máa ṣírò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà lẹ gbọ́. A máa kàn án nísàlẹ̀. Ohun tó ń gé owó orí èrè kù níbí ni rìsíìtì, àní àwọn bébà tí ẹ ká sínú ọ̀rá, tí ẹ tì bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Èèyàn kọ̀ọ̀kan tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Èkó ni mo kọ èyí fún, yálà Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ tàbí Àgbádárìgì. Bí kọ́ńpìnì yín ló ni ilẹ̀ náà, ìlànà tiwọn yàtọ̀, ẹ lọ bá akáúńtáǹtì.

## Ohun àkọ́kọ́: ọjọ́ wo lẹ tà á?

Òfin méjì ló wà, ọjọ́ tí ẹ tà á ló sì máa sọ èyí tó kàn yín.

- Bí títà náà bá wáyé títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2025, òfin àtijọ́ ni: 10% èrè, ó parí.
- Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2026, òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà 2025 ni. Èrè yín máa wọ inú gbogbo owó tó wọlé fún yín lọ́dún náà, wọ́n á sì ṣírò gbogbo rẹ̀ pa pọ̀.

Báyìí ni àtẹ̀gùn rẹ̀ ṣe lọ:

- ₦800,000 àkọ́kọ́: 0%
- ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e: 15%
- ₦9,000,000 tó tẹ̀ lé e: 18%
- ₦13,000,000 tó tẹ̀ lé e: 21%
- ₦25,000,000 tó tẹ̀ lé e: 23%
- Ohun tó bá lé lórí ₦50,000,000: 25%

Ẹ ṣọ́ra níbí o. Ọ̀pọ̀ ló rò pé tí owó bá ti di ₦51,000,000, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa gba 25% lórí. Rárá. ₦1,000,000 tó wà lókè yẹn nìkan ni 25% kàn. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ti san tiẹ̀ ní àtẹ̀gùn tirẹ̀.

Tí oníbàárà bá ń san díẹ̀díẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ tí àdéhùn tó de ẹ̀yin méjèèjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni òfin ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tí owó pé. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà yín níyànjú pé kí ẹ fa ọjọ́ àgírímẹ́ǹtì sẹ́yìn sí 2025 kí ẹ lè san 10%. Owó tó gba báǹkì wọlé ní ọjọ́ tirẹ̀, ìwé irọ́ sì ni ìwé irọ́.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wò ó bóyá owó orí kàn yín rárá

Kí ẹ tó fa kalikúlétọ̀ yọ, ẹ wo àwọn wọ̀nyí:

- Ilé tí ẹ̀yin fúnra yín ń gbé: èrè orí rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ owó orí, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé.
- Ọkọ̀ tí ẹ ń gùn fúnra yín, tí kì í ṣe ọkọ̀ èrò: méjì lọ́dún.
- Ẹrù ilé àti irú rẹ̀ tí owó tí ẹ tà á kò ju ₦5,000,000 lọ.
- Ṣíà, bí kò bá ju iye tí màá sọ nísàlẹ̀ lọ.

Lórí ilé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má fi ìbọn pa eṣinṣin. Ẹni tó ta ilé kékeré kan ní Agric, Ìkòròdú, lónìí, tó jèrè ₦2,000,000, tó lo ààyè yẹn, kò ní rí i lò mọ́ lọ́jọ́ tó bá ta ilé ńlá. Ẹ ṣírò ohun tí ẹ máa san lórí ti kékeré ná. Ó lè jẹ́ owó tí ẹ lè san kí ẹ sì fi ààyè náà pa mọ́.

Ilẹ̀ lásán kì í ṣe ilé o. Pé ẹ gbé kọ̀ǹténà sórí pọ́lọ́ọ̀tì, tí maigádì ń sùn níbẹ̀, kò sọ ọ́ di ilé tí ẹ ń gbé.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kó bébà jọ

Ibí ni owó wà. Èrè kì í ṣe iye tí ẹ tà á. Èrè ni iye tí ẹ tà á, lẹ́yìn tí ẹ bá yọ gbogbo ohun tí òfin gbà yín láyè láti yọ:

1. Iye tí ẹ ra ilẹ̀ náà.
2. Ohun tí ẹ ná kó tó di tiyín: owó lọ́yà, owó ẹ́jẹ́ǹtì, owó sọ́fèyọ̀, owó tí ẹ san fún ìjọba lórí ìwé.
3. Ohun tí ẹ ṣe sórí rẹ̀ tó gbé iye rẹ̀ ga, tó sì ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ tà á: fẹ́ǹsì, géètì, kànga ẹ̀rọ, yẹ̀pẹ̀ tí ẹ fi kún ilẹ̀ àbàtà. Ẹ̀yin tí ẹ ra ilẹ̀ létí ọ̀sà ẹ mọ iye tí tírélà yẹ̀pẹ̀ kan jẹ́.
4. Owó tí ẹ fi gbèjà ilẹ̀ náà: ẹjọ́ tí ẹ lọ nílé ẹjọ́ nígbà tí ẹlòmíì ní òun ló ni ín.
5. Ohun tí ẹ ná láti tà á: ẹ́jẹ́ǹtì, lọ́yà, ìpolówó, ẹni tó díye lé e.

Ohun tí kò wọ ibẹ̀: owó gígé koríko lọ́dọọdún, owó maigádì, owó ọkọ̀ tí ẹ wọ̀ lọ wo ilẹ̀, ọ̀dà tí ẹ tún kùn.

Mo ní láti dúró díẹ̀ lórí ọmọ onílẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ra ilẹ̀ lágbègbè wa tí kò ní ìtàn tirẹ̀. Owó fandéṣọ̀n, owó dẹ́kìn, owó òrùlé. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣòfin ní 2016 tó sọ fífi ipá gba ilẹ̀ àti irú ìyọlẹ́nu báyìí di ẹ̀ṣẹ̀. Ìyẹn kò ní kí wọ́n má gbà á lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n owó tí ẹ kà sọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ létí fẹ́ǹsì lálẹ́, láìsí ìwé, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ fi han òṣìṣẹ́ owó orí. Ẹ kà á sí owó tó lọ.

Èyí tó yàtọ̀ ni owó tí ẹ san fún ẹbí tó ni ilẹ̀ gan-an kí wọ́n lè fọwọ́ sí ìwé yín. Bí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí bá fọwọ́ sí rìsíìtì níwájú lọ́yà, owó tí ẹ fi fẹsẹ̀ ìwé yín múlẹ̀ nìyẹn, ó sì ní ojú tí ẹ fi lè jà fún un. Nítorí náà, kí owó kankan tó kúrò lọ́wọ́ yín sí ọ̀dọ̀ ẹbí, kí lọ́yà wà níbẹ̀, kí rìsíìtì wà níbẹ̀, kí owó náà sì gba báǹkì kọjá.

Èmi fúnra mi ti jìyà rẹ̀ rí. Nígbà tí mo mọ fẹ́ǹsì sí pọ́lọ́ọ̀tì mi lọ́nà Ìjẹ̀dẹ́, ẹni tó bá mi yọ búlọ́ọ̀kù kọ iye rẹ̀ sẹ́yìn bébà sìmẹ́ǹtì tó ya. Mo pa á mọ́ dáadáa. Òjò wọlé lọ́dún kejì, bébà náà di ẹ̀kọ. Lọ́jọ́ tí mo tà á, fẹ́ǹsì wà níbẹ̀ gbangba, gbogbo ayé rí i, ṣùgbọ́n iye tí mo ná sí i wà nínú orí mi nìkan.

Ohun tó yẹ kó wà nínú fáìlì yín:

- Àgírímẹ́ǹtì tí ẹ fi rà á àti rìsíìtì ẹni tó tà á fún yín
- Ìwé sọ́fè àti rìsíìtì sọ́fèyọ̀
- Rìsíìtì lọ́yà àti ẹ́jẹ́ǹtì, nígbà ríra àti nígbà títà
- Rìsíìtì búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ǹtì, irin, bíríkìlà
- Sítétímẹ́ǹtì báǹkì tó fi gbogbo owó wọ̀nyí hàn
- Fọ́tò ilẹ̀ náà kí ẹ tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀

Ẹ ya fọ́tò gbogbo bébà náà sórí fóònù, kí ẹ tún fi ránṣẹ́ sí ímeèlì yín. Ọ̀rọ̀ tó wà lórí rìsíìtì POS máa ń parẹ́ láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

### Bí ẹ kò bá ta gbogbo rẹ̀

Ká ní pọ́lọ́ọ̀tì márùn-ún lẹ rà, méjì lẹ fẹ́ tà. Ẹ kò lè yọ iye tí ẹ ra márààrún kúrò nínú owó méjì. Apá tó kàn wọ́n lẹ máa yọ. Bí gbogbo wọn bá jọra, ìdá méjì nínú márùn-ún ni, títí kan fẹ́ǹsì tó yí gbogbo wọn ká. Bí méjì tí ẹ ń tà bá kọjú sí títì tí mẹ́ta sì wà lẹ́yìn, iye ọjà ni wọ́n á fi pín in: iye méjì náà, lórí iye márààrún.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ṣírò rẹ̀

Àpẹẹrẹ rèé. Ká ní ẹ ra ilẹ̀ ₦4,000,000. Lọ́yà gba ₦400,000, sọ́fè jẹ́ ₦350,000, fẹ́ǹsì àti géètì jẹ́ ₦2,250,000. Àròpọ̀ rẹ̀, ₦7,000,000. Ẹ wá tà á ní ₦30,000,000 lọ́dún 2026. Ẹ́jẹ́ǹtì àti lọ́yà gba ₦2,000,000.

₦30,000,000, ẹ yọ ₦7,000,000, ẹ yọ ₦2,000,000. Èrè yín jẹ́ ₦21,000,000.

Ká ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ní ní ọjà Ìkòròdú mú èrè ₦3,000,000 wọlé lọ́dún náà. Àpapọ̀ jẹ́ ₦24,000,000. Ó yá, a gun àtẹ̀gùn:

- ₦800,000: kò sí
- ₦2,200,000 ní 15%: ₦330,000
- ₦9,000,000 ní 18%: ₦1,620,000
- ₦12,000,000 tó kù ní 21%: ₦2,520,000

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦4,470,000. Ṣọ́ọ̀bù nìkan ni ìbá ti mú ₦330,000 wá, nítorí náà ilẹ̀ ló fa ₦4,140,000. Lábẹ́ òfin àtijọ́, ₦2,100,000 ni ìbá jẹ́. Mo mọ̀ pé ó ń dunni.

Ẹ jẹ́ ká wá tún un ṣírò fún ẹni tí bébà rẹ̀ ti sọnù, tó jẹ́ pé àgírímẹ́ǹtì ₦4,000,000 nìkan ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀. Èrè rẹ̀ máa di ₦26,000,000, àpapọ̀ ₦29,000,000. Owó orí rẹ̀ máa di ₦5,600,000. Ilẹ̀ kan náà, fẹ́ǹsì kan náà, oníbàárà kan náà. Bébà tó sọnù jẹ ₦1,130,000.

Ẹ má gbàgbé pé àwọn nǹkan kan wà tí ẹ lè yọ kúrò nínú àpapọ̀ kí ẹ tó gun àtẹ̀gùn: owó pẹ́ńṣọ̀n tí ẹ ń san, àti ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí ẹ ń gbé bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, kó má ṣáà ju ₦500,000 lọ. Ẹni tó ń san ₦600,000 lọ́dún máa yọ ₦120,000. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n tiyín ni.

### Ṣé pípín títà sí ọdún méjì ń ṣèrànwọ́?

Ó ń ṣe é, àmọ́ kì í ṣe tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Bí ilẹ̀ òkè yìí bá jẹ́ pọ́lọ́ọ̀tì méjì, tí ẹ ta ọ̀kan ní oṣù Kejìlá, tí ẹ sì ta èkejì fún ẹlòmíì ní oṣù Kìíní, èrè ₦10,500,000 ló máa bọ́ sí ọdún kọ̀ọ̀kan. Owó orí ilẹ̀ lápapọ̀ máa jẹ́ ₦3,870,000 dípò ₦4,140,000. ₦270,000 lẹ jèrè. Bí oníbàárà tó wà nílẹ̀ bá fẹ́ méjèèjì pa pọ̀, tí owó rẹ̀ sì wà lọ́wọ́, èmi kò ní tìtorí ₦270,000 jẹ́ kó lọ.

Tọkọtaya tí orúkọ àwọn méjèèjì wà lórí àgírímẹ́ǹtì láti ìbẹ̀rẹ̀ ní àǹfààní tó ju èyí lọ, nítorí oníkálukú máa gun àtẹ̀gùn tirẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Àmọ́ kí orúkọ ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á o, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú títà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà tí ẹ ń tà lóṣooṣù, òwò lẹ ń ṣe, èrè òwò ni LIRS, àjọ tó ń gba owó orí ní ìpínlẹ̀ Èkó, máa pè é. Àtẹ̀gùn kan náà ni, nítorí náà kò sí ìdí láti máa bá wọn jiyàn lórí orúkọ.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ọ̀rọ̀ Aláúsá àti ìyọ̀ǹda gómìnà

Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 sọ pé gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ tó ní ìwé tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan sí ẹlòmíì. Nínú ètò tí ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀ ní 2015, 3% iye tí wọ́n bá dá lé ilẹ̀ náà ni wọ́n ń gbà: 1.5% fún ìyọ̀ǹda, 0.5% fún sítáǹbù, 0.5% fún ìforúkọsílẹ̀, àti 0.5% tí wọ́n ń pè ní owó orí èrè dúkìá.

0.5% yìí ló ń da àwọn èèyàn láàmú. Ẹni tó tà á ni owó orí èrè kàn, àmọ́ oníbàárà ló sábà máa ń gbé gbogbo 3% lọ sí Aláúsá, nítorí òun ló ń wá ìwé. Ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta:

1. Ẹ kọ ọ́ sínú àgírímẹ́ǹtì, ẹni tó máa san èwo.
2. Ẹ gba ẹ̀dà rìsíìtì 0.5% náà lọ́wọ́ oníbàárà. Ọ̀pọ̀ kì í béèrè, lẹ́yìn ọdún kan nọ́ńbà oníbàárà kò lọ mọ́.
3. Ẹ mú un dání lọ sí LIRS, kí wọ́n má bàa gba owó kan náà lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀mejì.

Pé wọ́n san nǹkan ní Aláúsá kò ní kí ẹ má kọ títà náà sínú ìwé owó orí ọdọọdún yín. Àti pé tẹ̀yin toníbàárà ni wọ́n máa béèrè ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ yín. Bí ẹ kò bá tíì san owó orí rí, oṣù tí ẹ fẹ́ ta ilẹ̀ kì í ṣe oṣù tó dáa láti bẹ̀rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan: oníbàárà lè sọ pé kí ẹ kọ ₦15,000,000 sínú ìwé nígbà tó san ₦30,000,000, kí owó Aláúsá lè dín kù. Ẹ kọ̀. Ìjọba lè fi iye ọjà ṣírò dípò iye tí ẹ kọ. Oníbàárà náà sì ń gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀: lọ́jọ́ tóun náà bá fẹ́ tà á, ₦15,000,000 ni ìwé máa sọ pé ó rà á. Bí ó ṣe rí fún àwọn tó ṣe é ní 2015 nìyẹn, àwọn ló ń sunkún báyìí.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ kọ ìwé owó orí, ẹ san án

Ibi tí ẹ ń gbé ló ń sọ ìjọba tó máa gba owó orí yín. Bí ẹ bá ń gbé ní Ìkòròdú, tí ẹ ta ilẹ̀ ní Ṣàgámù, LIRS ti Èkó ló kàn fún owó orí èrè. Owó ìyọ̀ǹda lórí ilẹ̀ ní Ògùn lọ́rọ̀ tirẹ̀.

1. Ẹ mú NIN yín jáde. Láti 2026, nọ́ńbà NIN ni nọ́ńbà owó orí èèyàn kọ̀ọ̀kan.
2. Ẹ wọ eTax ti LIRS lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kí ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ìkòròdú kí wọ́n ràn yín lọ́wọ́ láti ṣí i.
3. Ẹ kọ owó ṣọ́ọ̀bù, owó ilé tí ẹ ń gbà, owó oṣù, àti èrè ilẹ̀ sí ààyè tirẹ̀. Ẹ so ìṣirò yín àti bébà mọ́ ọn.
4. Ẹ gba nọ́ńbà bíìlì, ẹ fi san án ní báǹkì tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.
5. Ẹ tẹ rìsíìtì jáde. Ẹ bèèrè ìwé ẹ̀rí owó orí.

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ni gbèdéke. Ohun tí ẹ tà ní 2026, ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2027 ni ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wọlé. Ẹni tí kò bá fi ìwé sílẹ̀, ₦100,000 ni ìtanràn oṣù àkọ́kọ́, ₦50,000 sì ni oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tún kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Owó tí ẹ kò san lásìkò náà ní ìtanràn àti èlé tirẹ̀.

Ẹ má ka owó sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kankan, ì báà jẹ́ ẹni tó wọ kaadi sọ́rùn. Owó orí tí kò ní nọ́ńbà bíìlì kì í ṣe owó orí.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù ní ìpele yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n ta ilẹ̀ ní oṣù Kẹrin, wọ́n fi gbogbo owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé míì ní Ẹ̀pẹ́ ní oṣù Karùn-ún, oṣù Kẹta ọdún tó ń bọ̀ dé, ilé ti kan lẹ́tẹ́ẹ̀lì, kò sí kọ́bọ̀. Lọ́jọ́ tí owó bá wọlé gan-an, kí ẹ yọ iye tí ẹ ṣírò ní Ìgbésẹ̀ 3 sí akáúńtì míì. Kí ẹ má fi káàdì ATM akáúńtì yẹn sínú àpò.

## Fún àwọn tó ní ṣíà

Ṣíà rọrùn ju ilẹ̀ lọ, nítorí ìwé rẹ̀ kì í sọnù. Èrè orí ṣíà kọ́ńpìnì Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ owó orí bí ohun méjèèjì yìí bá pé láàárín oṣù 12:

- gbogbo owó tí ẹ tà á kò tó ₦150,000,000, ÀTI
- èrè rẹ̀ kò ju ₦10,000,000 lọ.

Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá yẹ̀, owó orí ti kàn yín nìyẹn. Ẹni tó ta ₦20,000,000 tó jèrè ₦12,000,000 kò lè sọ pé òun kò tó ₦150,000,000.

Ọ̀nà àbáyọ wà: bí ẹ bá fi owó náà ra ṣíà kọ́ńpìnì Nàìjíríà míì láàárín ọdún kan náà, apá tí ẹ fi rà á padà bọ́. Ìlàjì lẹ fi rà? Ìlàjì ló bọ́.

Fún ṣíà tí ẹ ti ní tipẹ́, iye tó ń lọ nígbà tí ọjà pa ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2025 lẹ máa lò bí iye tí ẹ rà á, bí ó bá ga ju iye tí ẹ rà á gan-an. Èrè ọdún gbọọrọ tó ti wà nílẹ̀ kí òfin tuntun tó dé kò wọ inú ìṣirò. Ẹ ní kí brokà yín fún yín ní sítétímẹ́ǹtì CSCS (ilé tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ṣíà) ti ọjọ́ yẹn, kí ẹ sì fi í sínú fáìlì.

Kírípítò náà wọ inú àtẹ̀gùn o, kò sì ní ààbò ₦150,000,000 yìí.

## Ibi tí ọ̀rọ̀ "ọdún kan" ti wá

Amẹ́ríkà ni. Níbẹ̀, ẹni tó bá mú ṣíà dání ju ọdún kan lọ máa san 0%, 15% tàbí 20% lórí èrè rẹ̀. Fún ọdún 2025, ẹni tí kò ṣègbéyàwó ń san 0% bí gbogbo owó tí wọ́n ń ṣírò owó orí rẹ̀ kò bá ju $48,350 lọ, 15% títí dé $533,400, àti 20% lórí ohun tó bá lé. Bí owó rẹ̀ bá ju $200,000 lọ, tàbí $250,000 fún tọkọtaya tó ń kọ ìwé pa pọ̀, 3.8% tún lè gùn ún. Bí kò bá ju ọdún kan lọ, bí owó oṣù ni wọ́n máa ṣírò rẹ̀, tó lè dé 37%. Ọmọ yín tó wà ní Houston ni èyí kàn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìkòròdú, tí ẹ ń fi áàpù ra ṣíà Apple tàbí Tesla, tí ẹ kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, tí ẹ kò ní green card, tí ẹ kò sì gbé ibẹ̀ tó ọjọ́ 183 lọ́dún: Amẹ́ríkà kì í sábà gba owó orí lórí èrè tí ẹ bá rí nígbà tí ẹ tà á. Ohun tí wọ́n ń gé ni 30% lára owó tí kọ́ńpìnì pín fún yín. Fọ́ọ̀mù W-8BEN tí áàpù ní kí ẹ buwọ́ lù níbẹ̀rẹ̀ ló ń sọ fún wọn pé ẹ kì í ṣe ará ibẹ̀. Àmọ́ Èkó lẹ ń gbé. Èrè yín lókè òkun máa wọ àtẹ̀gùn LIRS, bí owó náà bá tilẹ̀ ṣì wà nínú áàpù ní dọ́là.

## Bí rìsíìtì bá ti sọnù

Ẹ má tíì sọ̀rètí nù. Bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn:

1. Ẹ lọ sí báǹkì, ẹ ní kí wọ́n tẹ sítétímẹ́ǹtì ọdún tí ẹ ra ilẹ̀ náà. Wọ́n máa gba owó díẹ̀. Ẹ fi bírò pupa yí gbogbo owó tó lọ sọ́dọ̀ lọ́yà, sọ́fèyọ̀ àti ẹni tó tà á.
2. Ẹ lọ bá lọ́yà tó ṣe àgírímẹ́ǹtì. Ẹ̀dà máa ń wà ní ọ́fíìsì wọn.
3. Sọ́fèyọ̀ máa ń kó ẹ̀dà sọ́fè tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Sọ́fèyọ̀ Àgbà ní Aláúsá. Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ lè jẹ́rìí sí ìgbà tí ẹ náwó náà.
4. Ẹ pe ẹni tó ta búlọ́ọ̀kù àti bíríkìlà tó mọ fẹ́ǹsì. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé iye tí ẹ san, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ẹ sì so fọ́tò fẹ́ǹsì mọ́ ọn. Iye tí ẹ san gan-an ni kí wọ́n kọ o. Kò lágbára tó rìsíìtì tí wọ́n kọ lọ́jọ́ tí ẹ sanwó, àmọ́ ó sàn ju ọwọ́ òfo lọ.
5. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ogún, tí kò sí ẹni tó mọ iye tí bàbá rà á, ẹ gba ẹni tó ń díye lé dúkìá, tó ní ìwé àṣẹ, kí ẹ tó dá iye tí ẹ máa tà á. Kí ìwé ilé ẹjọ́ gíga tó fún yín láṣẹ lórí ogún náà sì ti wà lọ́wọ́.

Nọ́ńbà bíríkìlà ló máa ń yára sọnù jù nínú gbogbo wọn. Ẹ pè é lónìí, kó tó yí láìnì.